Kí Àárín Ìwé Má Baà Gbé Ọfà Mì

Imú ọkùnrin náà ni ọmọge ayàwòrán kọ́kọ́ rí, nítorí inú ìwé ni imú náà wà. Ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, ó ṣí ìwé ńlá kan sí méjì, ó ti imú bọ àárín rẹ̀, ó sì ń fa atẹ́gùn ibẹ̀ símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Ó di ojú. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn lápá títí dé ìgbọ̀nwọ́, fọ́nrán òwú funfun kan sì há sí irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò mọ̀. Ọmọge náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di àpò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ò kéré.

"Gọ́ọ̀mù yìí ò tíì gbẹ," ni ọkùnrin náà wí láì lajú. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà lórí àga."

Aránwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ń di ìwé pọ̀ bí aránṣọ ṣe ń rán ẹ̀wù. Ọmọge yìí ní tirẹ̀, àwòrán ló fi ń jẹun: àwòrán ara páálí ọṣẹ, ti ara àpò iyọ̀, ti pátákó tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò nínú ilé ńláńlá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwòsàn àti ibùdókọ̀ ń wá ayàwòrán kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kó àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe jọ sínú ìwé kan, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní pọtifólíò, kó gbé e wá kí wọ́n fojú rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọmọge náà, ọdún méjì ló ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó sì mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn yìí bá tì, òun ò mọ èyí tí yóò ṣí.

Ó tú àpò, ó mú iṣẹ́ mẹ́ta péré jáde. Aránwèé nu ọwọ́, ó gbé èyí àkọ́kọ́ lọ síbi fèrèsé. Ó wò ó títí. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì bèèrè pé ta ló yà á.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọkùnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe onítọ̀hún níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun náà a máa wo àwòrán títí, a máa bèèrè bí wọ́n ṣe yà á, a sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé kan tí Ẹlẹ́rìn-ín ò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ti gba iṣẹ́ ńlá níbòmíràn, iṣẹ́ mẹ́rìnlá tí ọmọge yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ló wà nínú ìwé tó fi gbà á, orúkọ ara rẹ̀ ló sì kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọmọge fẹjọ́ sùn, ọ̀gá wọn ní ẹ̀rí dà. Bó ṣe fi ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọge wa ò tilẹ̀ ní í dúró wò ó bóyá ekòló ni.

"Èmi ni mo yà á," ló dáhùn, ó sì gba bébà náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Kí ló dé?"

"Ó dáa ni. Mo ní kí n mọ ẹni tí màá yìn."

"Ẹ má yìn mí. Ẹ ṣáà bá mi rán ìwé."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé wá lójúmọ́. Bí Aránwèé bá ti ń gé etí wọn, tó ń ká wọn, tó ń lẹ páálí mọ́ wọn lẹ́yìn, ọmọge a jókòó lórí àpótí nítòsí tábìlì, a tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá parí, a kà wọ́n, a tún wọn kà, a kó wọn sápò, ó di ilé. Ọjọ́ kẹta ni Aránwèé sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá. Bó bá fẹ́ lọ po gọ́ọ̀mù ní yàrá ẹ̀yìn, a kígbe láti ọ̀hún pé, "Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú gọ́ọ̀mù o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ọmọge a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a kábàámọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín ni Ẹlẹ́rìn-ín gbà wọlé.

Ní ọjọ́ kẹfà, Aránwèé bèèrè iye tí gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Méjìlélógójì ni. Ó mi orí.

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ò ní kọjá ìkẹwàá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yán."

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe?"

Aránwèé wojú rẹ̀. Ó dà bíi pé ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní kó gbé ìyókù lọ sílé, kó fi síbi tó bá wù ú. Ó ní òun ti rán irú ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó kó gbogbo ẹrù ayé wọn sínú rẹ̀, òun tún máa ń rí wọn lọ́dún kejì, wọ́n á tún wá rán òmíràn. Àwọn tó bá yan díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn dénú, òun kì í rí wọn mọ́, iṣẹ́ á ti gbà wọ́n.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yàn, wọ́n jà lórí àpò iyọ̀, wọ́n fẹnu kò lórí páálí ọṣẹ, wọ́n sì já èyí tí ọmọge fẹ́ràn jù, tó yà lákòókò ọmọdé rẹ̀, sílẹ̀ nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Aránwèé ṣe sọ, ìfẹ́ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọgbọ́n àgbà. Ó ku méjìlá. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni àwòrán ọ̀nà inú ilé ìwòsàn kan, tó gba ojú ewé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Aránwèé bèèrè ìdí tí ọfà tó ń júwe ọ̀nà fi wà lórí ilẹ̀, tí kò wà lára ògiri bíi ti gbogbo ayé.

Ọmọge gbàgbé láti fura. Ó ní òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà fún ọjọ́ méjì gbáko, òun ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣìnà. Àwọn arúgbó, àwọn tí ara ń ro, àwọn tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá dání, kò sẹ́ni tó gbójú sókè nínú wọn. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Òun bá gbé ọfà lọ bá ojú wọn níbi tó wà.

Aránwèé na pẹ́ńsù kan sí i.

"Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀," ló wí.

"Èwo?"

"Ohun tí ẹ sọ tán yẹn. Àwòrán dáa, àwọn tó lè ya àwòrán sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ọjọ́ méjì torí ẹsẹ̀ aláìsàn, ká ní èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ yẹn, òun ni màá gbà."

Ẹ jẹ́ kí n má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọlé. Ọmọge délé, ó kọ ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹwàá, wọn ò kí ara wọn ní "ẹ" mọ́. Aránwèé á sìn ín dé ìparí òpópónà, á máa sọ bí bàbá òun ṣe kọ́ òun níṣẹ́, bó ṣe jẹ́ pé bí èèyàn bá gbóòórùn ìwé, á mọ̀ bóyá omi ti kàn án rí. Ó ní, "Olùfẹ́ mi ọlọ́pàá, ìwọ náà sún mọ́bí kí n gbóòórùn ẹ, kí n mọ̀ bóyá wọ́n ti pa ẹ́ lẹ́kún rí." Ọmọge tì í kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ń dùn ún, kò sì sọ fún un.

Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi. Agbẹ̀bí ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, obìnrin tó ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi ọkọ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìbímọ. Òun náà ló jókòó ti ọmọ rẹ̀ nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín lọ, tí ọmọ ò lè jẹun. Ó ní, "Pańsá ò fura, pańsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Onílé tí ò fura, olè ni yóò kó o. Ọkùnrin tó bá ń yin iṣẹ́ ẹ, wo ọwọ́ ẹ̀, má wo ẹnu ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ń dún létí ọmọge lọ́jọ́ tí Aránwèé ní kó fi iṣẹ́ méjèèjìlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, nítorí pé èèyàn ò lè rán ìwé ní mẹ́ta mẹ́ta. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ fún Aránwèé pé ọ̀sán ọjọ́ kejì lòun ń bọ̀, àárọ̀ ló sì lọ. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Láti ojú fèrèsé ló ti rí i. Aránwèé tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó fi bébà fẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀, bo àwòrán ilé ìwòsàn náà mọ́lẹ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin mìíràn tó ti dà kọ tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọge náà ṣílẹ̀kùn. Kò sunkún, kò pariwo. Ó wọlé.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

Ojú Aránwèé tàn. "O ti dé? Dọ́mì ni mo—"

"Má wulẹ̀ fún un lórúkọ. Mo ti rí i. Olè tó kọ́kọ́ jà mí ò tilẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu láti dà á kọ, ó kàn gbé e lọ ni. Tìẹ ló wá lọ́gbọ́n nínú."

"Olè?" Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wí i.

Ọmọge kó gbogbo bébà orí tábìlì, ó rọ́ wọn sápò láì kà wọ́n. Aránwèé ò di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tẹ̀lé e. Ó dúró síbẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí níwájú òbí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Nílé, ìyá ò bèèrè púpọ̀, abẹ́rẹ́ ló wá. Ó ní ara èèyàn lòun ti ń rán láti ọgbọ̀n ọdún wá, ti bébà ló máa wá ṣòro? Òun àti ọmọ jókòó lọ́sàn-án gangan, wọ́n lu ihò, wọ́n rán an, wọ́n fà á le. Iṣẹ́ ìyá náà mọ́, òwú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbé ìwé lé ẹsẹ̀ láti gbádùn rẹ̀, ó ṣí i dé ibi àwòrán ilé ìwòsàn, ó wò ó, ó yọ awò ojú, ó tún wò ó.

"Ọfà ọ̀hún dà?" ló bèèrè.

Ọfà ti wọ àárín ìwé lọ. Ó gbéra láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dáadáa, ó dé ibi tí ojú ewé méjì ti pàdé, ó rì sínú ìránmọ́ náà, kò sì jáde mọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní dé yàrá dókítà láéláé. Bó ti wù kí ọmọge fa ìwé náà ṣí tó, ọfà ò yọjú.

Ìgbà náà ló rántí pé àwọn bébà fẹ́lẹ́ Aránwèé bá àwọn iṣẹ́ òun wá nínú ìkógìrì àárọ̀. Ó yọ ti ilé ìwòsàn jáde nísàlẹ̀ àpò. Kì í ṣe gbogbo àwòrán ló wà lórí rẹ̀. Ìlà díẹ̀ ni, àwọn tó sún mọ́ àárín nìkan, ìlà pupa kan gba àárín wọn kọjá, Aránwèé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ọfà máa rì síbí. Sún un sọ́tùn-ún díẹ̀, kí àárín má baà gbé e mì."

Ohun tí ń jẹ́ dọ́mì nìyẹn: ìwé ìdánwò tí aránwèé máa ń ṣe kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ iṣẹ́ gidi, kó lè mọ ohun tí ìránmọ́ yóò bò mọ́lẹ̀. Ọmọge gbé bébà náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá kà á, ó ká a, ó dá a padà.

"Ìfura loògùn àgbà, èmi ni mo kọ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n èèyàn tó lo oògùn kọjá ìwọ̀n, mo ti rí ohun tó ń ṣe fún wọn. Dìde lọ bẹ̀ ẹ́."

Aránwèé wà nídìí tábìlì nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ mà," "ẹ" yẹn sì dun ọmọge ju èébú lọ. Ó gbé ìwé tó bàjẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ ẹ́, òun pè é ní olè, kì í sì í ṣe olè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín látòkè délẹ̀, iṣẹ́ mẹ́rìnlá, ọjọ́ Ajé, ọ̀gá tó ní ẹ̀rí dà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Aránwèé gbọ́ ọ tán. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ìránmọ́ ìyá agbẹ̀bí.

"Màá tú u, màá tún un rán," ló wí níkẹyìn. "Oníbàárà ni yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì yẹn, mi ò mọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe torí ìwé lẹ ṣe padà wá? Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, kò sẹ́lòmíì tó lè bá yín ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ìfura ti ṣí kúrò lọ́dọ̀ ọmọge, ó ti wọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, òun ló sì gbé e débẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí, ó mú bébà funfun kan, ó kọ nǹkan sí i, ó sì ní kó fi ṣe ojú ewé ìkẹyìn. Ohun tó kọ ni pé òun ni òun ya gbogbo iṣẹ́ inú ìwé náà, àmọ́ ẹni tó bá òun yàn wọ́n, tó ní kí òun kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ni ẹni tó rán wọn pọ̀. Ó fi àyè orúkọ sílẹ̀ kí Aránwèé kọ ti ara rẹ̀ sí i.

Aránwèé kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n lè rò pé ẹ ò lè dá iṣẹ́ yàn fúnra yín. Ó lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Kí wọ́n rò ó. Tìẹ ni, mi ò sì ní gbé e mọ́ tèmi."

Ó dìde, ó lọ, ó fi iṣẹ́ méjèèjìlá sílẹ̀. Nígbà tó padà wá gbà á lọ́jọ́ kẹta, Aránwèé ti wé ìwé náà sínú bébà, ó gbé e fún un, ó sì ní kí ọ̀nà là.

Obìnrin àgbà kan ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí ìwé náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ka ìlà mẹ́ta mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi ilé ìwòsàn. Ọfà gbéra lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjá àárín ìwé gbọọrọ, ó sì dé yàrá dókítà. Obìnrin náà fi ìka tọ̀ ọ́ dé òpin. Nígbà tó dé ojú ewé ìkẹyìn, ó gbójú sókè, ó bèèrè ìdí tí ó fi kọ èyí sínú ìwé tó fi ń wáṣẹ́.

"Nítorí pé bó ṣe rí nìyẹn, mà," ni ọmọge dáhùn.

Obìnrin náà ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn méjì gbé iṣẹ́ kan náà wá bá òun, oníkálùkù ń búra pé òun lòun ni ín. Ó ní ẹni tó bá lè sọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, òun lè gbà á gbọ́ lórí èyí tó pè ní tirẹ̀. Ó ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò.

Kò lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù Aránwèé ló kọrí sí. Ọkùnrin náà jókòó lórí àpótí ọmọge, àpótí ọlọ́pàá yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Ó wojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Wọ́n gbà ẹ́," ló wí.

"Wọ́n gbà mí."

"Mo ní bóyá n ò ní rí ẹ mọ́. Àwọn tó bá ríṣẹ́ kì í padà wá, mo ti sọ fún ẹ."

"Mo ti ríṣẹ́," ni ọmọge wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó lè rí i pé òfìfo ni wọ́n. "Mi ò ní ìwé kankan tí mo fẹ́ rán. Wò mí, mi ò gbé nǹkan kan wá. Ìwọ ni mo wá bá."

Aránwèé dìde. Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, àwàdà ò wá. Ó ní látìgbà tí ọmọge ti kó bébà rẹ̀ lọ lòun ò ti lè tọ ìlà kan tààrà. Ó ní òun fẹ́ lọ rí ìyá rẹ̀, kí òun sì fẹ́ ẹ, bí ó bá lè fẹ́ ọkùnrin tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ọmọge fẹ́ sọ òótọ́.

"Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní fura mọ́. Ó ti wọ̀ mí lára. Èyí tí mo lè ṣèlérí ni pé bí mo bá fura, màá kọ́kọ́ bi ẹ́ kí n tó sá."

"Bó o bá bi mí, màá dá ẹ lóhùn," ni Aránwèé wí. "Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìgbà lóòjọ́ ni."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, gọ́ọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bìkítà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọ forí lé ilé ìyá agbẹ̀bí, níbi tí ìbéèrè tirẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n.